Ọgbà Funfun Màmá Adétutù

Ẹ̀yin ìdílé Ògúnlẹ́yẹ ní Iléṣà, èmi Barnabas Àkànó, káfíńtà tó ṣe ọgbà ilé yín, ni mo ń kọ èyí. Dókítà ti ní kí n máa lọ sílé, pé àìsàn mi kò gbóògùn mọ́. Ìyàwó mi ti kú, àwọn ọmọ jìnnà. Bí mo bá gbàdúrà tán, èmi náà ni mo ń ṣe àmín. N kò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí délé Olúwa láìsọ ọ́ fún yín: Lucy kọ́ ló ba ọgbà yín jẹ́. Èmi ni.

Nígbà tí Màmá Adétutù ní ọgbà rọ́bà funfun lòun fẹ́, Òṣogbo ni mo lọ rà á. Ọlọ́jà fi oríṣi méjì hàn mí. Ọ̀kan, wọ́n ti po èròjà tí kì í jẹ́ kí oòrùn rí i jẹ mọ́ ọn. Èkejì, rọ́bà sílíìnì ni, abẹ́ òrùlé nìkan ló yẹ ẹ́. Ó ní, "Bàbá, bí oòrùn bá pa èyí, á pọ́n bí ìbẹ́pẹ o." Mo ní, "Ta ni yóò mọ̀?" Mo ra ti sílíìnì nítorí pé kò wọ́n. Èmi tí mò ń darí àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì!

Lucy, opó àbúrò Màmá, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, ló ń fi ọṣẹ, omi àti aṣọ rírọ̀ fọ ọgbà náà ní gbogbo Sátidé. Níbi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣíji bò, ó máa ń yọ àwọ̀ ewé bí ògiri ọlọ́rinrin. Lucy á fọ̀ ọ́, á mọ́. Ṣùgbọ́n lójú oòrùn, nígbà tó di ọyẹ́ kejì, ó ti pọ́n, kò sí fífọ̀ tó ràn án mọ́.

Màmá pè mí. "Àkànó, kí ló dé tí ọgbà mi dà bí eyín ẹni tó ń jẹ tábà?"

Mo ní, "Màmá, bóyá bílíìṣì ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́."

Lucy fò dìde. "Bọ̀dá Àkànó, ibo lẹ ti rí bílíìṣì lọ́wọ́ mi? Àbí imú yín ló ń gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ilé yín lọ́nà Òṣú?"

Màmá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Lucy kì í purọ́."

Ẹ̀rù bà mí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí gbogbo yín wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi kànìnkànìn onírin ha ọgbà náà, mo da bílíìṣì sí i, mo sì ju ike rẹ̀ sábẹ́ fèrèsé Lucy. Èmi náà ni mo tún pe Màmá wá wò ó.

"Ìwọ tí mo gbà mọ́ra lẹ́yìn ikú àbúrò mi!" Màmá ń sunkún.

Lucy kúnlẹ̀, ó yíjú sí mi. "Bọ̀dá, ẹ bá mi sọ òótọ́." Mo ń wo bàtà mi.

Ọmọ ẹlẹ́ní àtẹ́ẹ̀ká là ń ki Ìjẹ̀ṣà, ṣùgbọ́n Màmá lé Lucy jáde, kò sì ríbi tẹ́ ẹní sí mọ́ nílé ọkọ rẹ̀. Abúlé kan lẹ́yìn Ifẹ̀wàrà ló wà báyìí, nínú oko kòkó, òun nìkan.

Ẹ tú ọgbà náà dànù. Bí ẹ bá ra òmíràn, ẹ béèrè ti ìta. Ẹ gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́yìn, ọṣẹ àti omi tó o.

Ẹ má tíì dárí jì mí. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Ifẹ̀wàrà. Bí Lucy kò bá dá yín lóhùn, ẹ jókòó tì í títí yóò fi sọ̀rọ̀. Bó bá béèrè mi, ìbáà ṣe láti ṣẹ́ èpè fún mi, ẹ ní mo ṣì wà láàyè, n kò ti ilẹ̀kùn.