Abẹ́rẹ́ Tó Ń Pa Ẹsẹ̀ Lẹ́nu Mọ́

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Ikpoba Hill bọ̀, níbi tí àwọn Yorùbá ò pọ̀ sí, ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó máa ń sáré ìje jókòó níwájú mi, wọ́n ń sọ Yorùbá bí ẹni pé ẹlòmíràn ò gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ náà.

"Kóòṣì ní tí wọ́n bá gún ẹ lábẹ́rẹ́, wàá lè sáré ní Sátidé," ni ìyá wí. "Àwọn tó ń yan eléré fún ìpínlẹ̀ ń bọ̀ wá wò yín."

"Mo mọ̀, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n iṣan ẹ̀yìn itan mi ṣì ń dùn mí."

"Ohun tí abẹ́rẹ́ náà fẹ́ wò nìyẹn."

"Kò ní wo ẹsẹ̀ mi sàn, mà. Ó kàn máa pa á lẹ́nu mọ́ ni."

Ìyá yẹn yíjú sí i. Èmi náà gbàgbé fóònù tó wà lọ́wọ́ mi.

"Ìrora yẹn ló ń sọ fún mi pé iṣan náà ò tíì san," ọmọ náà ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. "Tí mi ò bá gbọ́ ọ mọ́, màá sáré títí á fi já. Ẹ jẹ́ kí n sinmi, kí n máa ṣe ìdárayá tí wọ́n kọ́ mi nílé ìwòsàn. Wọ́n á tún yan eléré lọ́dún tó ń bọ̀."

"O ò ní kábàámọ̀?"

"Màá sunkún ní Sátidé. Mi ò ní kábàámọ̀."

Ìyá yọ fóònù nínú báàgì. "Ẹ káàsán, kóòṣì. Ọmọ mi ò ní sáré. Rárá o, ẹ̀rù ò bà á. Èmi ìyá rẹ̀ ni mo ní kó má sáré."