Ọmọ Ọ̀bọ Tí Ẹ Kọ Sínú Ìwé

Ìlérí, ọmọ ọmọ mi, ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ tí a jọ lọ ka ẹranko, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ mi. Mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Ọjọ́bọ̀ lẹ máa ka ìwé yín fún àwọn àgbà abúlé, wọ́n sì ti ní bí ọ̀bọ bá tún ń bímọ, àwọn ọdẹ á padà wọgbó. Ọmọ ọ̀bọ tí ẹ kọ síbẹ̀, èmi ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mi ò yá nínú ìwé kíkọ, ìgbà tí mo dopó ni mo kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ohun tí mò ń kọ dá mi lójú.

Nígbà tí o sọ fún mi nílé ní Okumagba pé ẹ fẹ́ lọ ka ọ̀bọ, mo bi ọ́ pé, "Bẹ́ ẹ bá kà á tán ńkọ́?" O ní, "Nothing o, Mama. We just wan know if e still remain." Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Kéèyàn rí ẹran, kó kà á, kó padà sílé! Ọdún méjìdínlọ́gọ́rin tí mo ti lò láyé, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ni mo bá ní mo ń bá yín lọ. Létí odò ní Ogbe-Ijoh, Kingsley tó ń wa ọkọ̀ ojú omi wò mí láti orí dé ẹsẹ̀: "Mama, na you go count monkey? Shebi na una chop am finish!" Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àgbà òpùrọ́.

Ọjọ́ kìíní, ẹyẹ nìkan. Ọjọ́ kejì, ọ̀kẹ́rẹ́ kan àti ojú ẹsẹ̀ ẹtu nínú ẹrẹ̀. Cynthia, ọ̀gá yín, fún mi ní pẹ́ńsù, ó ní bí mo bá gbọ́ ohùn, kí n fa ìlà kan. Mi ò fa nǹkan kan. Mo wá ń rò ó: ṣé wọ́n ti tán ni, àbí wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́? Ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí a fi ń bi wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ẹ kọ̀yìn sí mi, Kingsley ń so ọkọ̀ mọ́ igi. Mo di imú, mo ké bí ọmọ ọ̀bọ tó já bọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. O di ọwọ́ mi mú: "Mama, you hear am? Na pikin!" Omi ti lé sí ọ lójú. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Kí n tó lanu, ohùn kan dáhùn lódìkejì odò. Ohùn ìyá.

Ẹ ó bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ ọ. Ọdẹ ni Ajíbọ́lá ọkọ mi, bàbá àgbà Ìlérí; èmi ni mò ń yan ẹran rẹ̀ tà. Lọ́dún kan, ó yìnbọn pa ìyá ọ̀bọ, ọmọ dì mọ́ òkú, kò jù ú sílẹ̀. Ajíbọ́lá ní, "Jẹ́ n pa á, kó sinmi." Èmi ni mo ní, "Má pa á. Jẹ́ kó máa sunkún." Èmi, tí mo pọn ìyá rẹ, Ìlérí, sẹ́yìn lọ́jọ́ náà! Mo so ó mọ́ ìdí igi, mò ń ja á léèékánná. Bó bá ti ké, àwọn ìyá ọ̀bọ á sọ̀kalẹ̀ wá gbé e, ọmọ tí kì í ṣe tiwọn, ìbọn á sì dún. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni. Lọ́jọ́ kẹwàá, ó kú sí mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n mo ti mọ igbe rẹ̀ ké. Ẹnu ara mi ni mo fi ń ké e láti ọjọ́ náà, títí tí kò fi sí ẹni tó ń dáhùn mọ́.

Nítorí náà, ẹ pa ọmọ yẹn rẹ́ nínú ìwé. Ẹ fi ìyá tó dáhùn sílẹ̀, òun lòótọ́, òun nìkan sì ni a gbọ́. Ẹ dárí jì mí. Ìlérí, má ní kí n kọ́ ọ ní igbe náà, mi ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Kingsley tan ẹ́ńjìnì, tí ẹ ń yọ̀, ìyá yẹn ṣì ń pe ọmọ. Mo gbọ́ ọ títí a fi yà ní kọ́nà odò.