Orin Ìyàwó Mi Tí Mo Fi Ta Ọ̀gá Mi Lọ́rẹ

Ẹ̀yin òǹkàwé, ara mi ò gbà á mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pa irọ́ kan mọ́ra, ó sì ti sú mi. Bí mi ò bá sọ ọ́ báyìí, wọn yóò gbé e jáde nínú àwo orin, yóò sì di òótọ́.

Èmi ni mo ń tẹ dùùrù nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta kan ní Ṣàgámù. Súlè ń lùlù, Táyé ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Mo ti pa orúkọ wọn dà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ wá yóò mọ̀ wá. Orin jáàsì la ń ṣe. Ọ̀gá kan ló kọ́ wa. Gbogbo ẹni tó ń tẹ dùùrù ní Rẹ́mọ nígbà náà, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Mo ti dàgbà kí n tó wá kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ kò fi mí ṣẹ̀sín. Nígbà tó kú, a pinnu pé a óò máa ṣeré ìrántí rẹ̀ lọ́dọọdún.

Lọ́dún àkọ́kọ́, orin àwọn ará Amẹ́ríkà tí Ọ̀gá fi kọ́ wa la ṣe. Ni ọkùnrin kan bá pariwo láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn pé, "Ọ̀gá yín ò ní tiẹ̀ ni? Ṣé orin àyálò ló fi jọ̀gá?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Mo tẹ orin kan tí ìyàwó mi dá fúnra rẹ̀, tó máa ń kùn sínú bó bá ń yan gàrí. Mo ní Ọ̀gá ló dá a, tó sì fi kọ́ mi kó tó kú.

Ọ̀gá ò gbọ́ orin náà rí.

Gbogbo èrò dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ìyàwó mi wà níbẹ̀. Bí a ṣe ń lọ sílé, ó ní, "Bàbá Rẹ̀mí, ìgbà wo ni Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í yan gàrí?" Mo ní kó dákẹ́, pé n óò sọ òótọ́ fún èrò lọ́dún tó ń bọ̀. Mi ò sọ ọ́. Kò bi mí mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bó bá jókòó ti agbada gàrí, kò kùn mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mi ò mọ ohun tí mo ṣe.

Èyí tó tún ń bí mi nínú ni àlàyé tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń ṣe fún èrò lọ́dọọdún bí a bá ti fẹ́ ṣe orin náà. Ibì kan wà tí orin náà ti dá dúró díẹ̀. Súlè á ní, "Ṣé ẹ gbọ́ ibẹ̀ yẹn? Ọ̀gá ń dágbére fáyé ni." Dágbére kẹ̀! Èéfín ló ń wọ ìyàwó mi lójú, tó ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Táyé náà ní òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Ọ̀gá dá orin náà. Táyé! Irọ́ mi ti bímọ.

Ìyàwó mi ti kú báyìí. Ọmọ Ọ̀gá sì fẹ́ kí a gba orin náà sínú àwo, kí wọ́n kọ orúkọ bàbá òun sí i. Mo lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ láti jẹ́wọ́ fún opó Ọ̀gá. Kí n tó lanu, ìyá àgbà náà di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ọmọ mi, orin yẹn nìkan ni ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi." Mo mu omi tí wọ́n gbé fún mi, mo padà sílé.

Lóṣù tó ń bọ̀, níbi eré ìrántí Ọ̀gá, wọ́n fẹ́ kí n dúró níwájú èrò, kí n sọ bí Ọ̀gá ṣe dá orin náà. Bí mo bá sọ òótọ́, mo gba ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ opó. Bí mi ò bá sọ ọ́, mo tún ja ìyàwó mi lólè, níbi tí kò ti lè bi mí léèrè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti sin aya rí, kí ni ẹ̀ bá ṣe? Ẹ má fi òwe dá mi lóhùn. Òwe ti sú mi. Ọ̀rọ̀ tí n óò sọ lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ sọ fún mi.