Oògùn Mẹ́ta, Ife Tíì Kan

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀! Ẹ má ní kí n rọra, rírọra ló gbé mi débí! Ẹ gbé sísọ́ọ̀sì yẹn kalẹ̀, ẹ fi gáùn ìyàwó yẹn sílẹ̀, ìyàwó ò ní sá lọ. Ẹ má sì wo omi tó wà lọ́wọ́ mi, mo mọ̀ pé mo gbé e wọlé, mo ṣẹ̀ sófin, ó tó! Ọ̀dọ̀ dókítà ni mo ti ń bọ̀.

Gẹ̀gẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Irú ti Màmá wa. Dókítà obìnrin náà fún mi lómi, ó ní kí n gbé e mì, ó tẹjú mọ́ ọ̀fun mi bí mo ṣe ń gbé e mì, ó sì mirí. Ó ní ó tún ti tóbi sí i, pé tí oògùn ò bá ràn án, àfi iṣẹ́ abẹ. Wọ́n á la ọrùn mi! Tí ohùn mi bá bá a lọ ńkọ́? Tí mo bá sùn tí mi ò jí ńkọ́? Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an ni.

Èyí tó wá dùn mí jù, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ní, "Ìyá, ẹ ò lo oògùn ọrùn tí mo fún yín." Háà! Èmi! Èmi tí mi ò fo ọjọ́ kan rí, mo forí ọmọ mi búra! Ó bi mí léèrè iyọ̀ tí à ń jẹ, mo ní èyí tí wọ́n fi ayodíìnì sí nítorí gẹ̀gẹ̀ ni. Ó bi mí léèrè ẹja, mo ní mò ń jẹ ẹ́. Ó wá ní, báwo gan-an lẹ ṣe ń lò ó? Ni mo bá sọ bí a ṣe ń ṣe níbí fún un.

Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní omi ò gbọdọ̀ wọ yàrá yìí, pé aṣọ funfun là ń rán, pé kí oníkálukú gbé ohun tó bá fẹ́ gbé mì mì lẹ́nu ọ̀nà? Ẹ̀yin ni. Ta ló ní ojú mi funfun jù, tó ra oògùn ẹ̀jẹ̀ fún mi? Ta ló ní egungun obìnrin tó bá ti ń sún mọ́ àádọ́ta á máa ṣẹ́ bí igi gbígbẹ, tó ra oògùn egungun fún gbogbo wa? Ẹ̀yin náà ni! Ẹ ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bíi tíṣà, "Yanu, gbé e mì, ó tán?" Oògùn ọrùn, oògùn ẹ̀jẹ̀, oògùn egungun, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú tíì tí mílíìkì kún inú ẹ̀ fọ́fọ́!

Dókítà káwọ́ lérí. Ó ní oògùn ẹ̀jẹ̀ àti ti egungun yẹn ló ń di oògùn ọrùn mú nínú ikùn, tí wọn ò jẹ́ kó wọ ara. Pé omi lásán ni kí n fi lò ó láàárọ̀ kí n tó jẹun, kí àwọn tó kù dúró di bíi wákàtí mẹ́rin. Gbogbo oṣù wọ̀nyí, asán ni mò ń gbé mì!

Ẹ sì ń pè mí ní Ìyá Olóorun! Òtútù ń mú mi nínú ooru, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Mo rán apá gáùn sódì, ẹ bú mi lójú àwọn ọmọdé. Mo délé, mo sunkún, mo ní orí mi ti ń dàrú, àṣé àìsàn yìí ni. Ká ní ẹ kórìíra mi ni, ǹ bá sá fún yín. Ìfẹ́ lẹ fi bù ú fún mi, ẹ̀gbọ́n, báwo lèèyàn ṣe ń sá fún ìyẹn? Ẹ má sì sọ fún mi pé Màmá gbé gẹ̀gẹ̀ tirẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Màmá ò gbé e, òun ló gbé Màmá lọ.

Kí lẹ ń wolẹ̀ sí?

Ẹ ní kí ni? Ẹ sọ ọ́ sókè. Kí ló dé tí ohùn yín há báyìí?

Ẹ dúró ná. Ìborùn wo lẹ wé mọ́rùn nínú ooru yìí? Mo ti ń rí i láti ìjọsí, mo ṣe bí oge ni. Mẹ́ta lẹ̀yin náà máa ń gbé mì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀kẹta yẹn, kékeré funfun tó jọ tèmi yẹn, ẹ ní ti ẹ̀fọ́rí ni.

Ẹ̀gbọ́n mi.

Mi ò pariwo mọ́. Ẹ jókòó. Ẹ tú ìborùn yẹn. Omi rèé, ẹ gbé e mì díẹ̀díẹ̀, kí n wo ọ̀fun yín.