Àgò Tí Ẹnìkan Kò Dáhùn

Ẹ̀gbọ́n mi Sìkírá, tó ń ta ẹja yíyan ní Ẹ̀pẹ́, ló sọ ọ́ fún mi. Ìyá méjì dúró nídìí àtẹ rẹ̀. Ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Faransé.

Ó ní, "Ó mú mi lọ wo ìlú àtijọ́ kan lórí òkè, òkúta ni gbogbo ilé. Mo kágò títí lẹ́nu ọ̀nà kan. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín: 'Màámi, kò sí onílé níbí mọ́, àwọn tó wá wòran nìkan ni.'"

"Ṣebí ó ní kẹ́ ẹ máa bá òun gbé, Àlhájà?"

"Ta ni yóò wá máa wí pé 'àgò yà' nílé bàbá rẹ̀ níbí?"

Èkejì rẹ ohùn sílẹ̀: "Lẹ́yìn yín ńkọ́, nígbà tó jẹ́ òun nìkan lẹ bí?"

Àlhájà ní kí ẹ̀gbọ́n mi bá òun wé ẹja òun.

Ìwọ tó ń gbọ́ mi, bí àlejò bá kágò nílé bàbá rẹ lónìí, ta ni yóò dáhùn?