Ohun Tí Wọ́n Sọ fún Mi Lórí Fóònù Kọ́ Ni Mo Sọ fún Un

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní orúkọ. Hyattsville ni mò ń gbé, níbí ní Maryland, nọ́ọ̀sì sì ni mí. Ó ti lé ní ọdún márùn-ún tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ kan kiri nínú mi. Ọkọ mi ò mọ̀ ọ́n. Pásítọ̀ wa ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí mo ṣẹ̀ gan-an kò mọ̀. Ó ṣì ń gbàdúrà fún mi.

Mo rò pé n óò gbé e dé sàréè ni. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá ó pè mí, ó ní kí n ṣe nǹkan kan fún òun. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín.

Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Mọ́rẹ̀nikẹ́. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan lápá Laurel la ti pàdé. Olùtọ́jú ni àwa méjèèjì nígbà náà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. À ń wẹ àwọn arúgbó, à ń fún wọn lóúnjẹ, à ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ara wọn má baà dégbò. Ìbàdàn ló ti wá, olùkọ́ kẹ́mísírì ló jẹ́ nílé. Mo fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ, torí náà àǹtí ló ń pè mí. Tí mo bá ti sọ pé báyìí ni nǹkan rí, ó ti tán lójú rẹ̀ nìyẹn.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀ nígbà náà ní ilé ìwé nọ́ọ̀sì kan tó wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ibi tó jìnnà sí wa. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ẹ̀kọ́ wọn. Èèyàn á jókòó sílé, á kàwé lórí kọ̀ǹpútà, á sì ṣe ìdánwò níbẹ̀. Kò sí pé à ń tẹ̀lé olùkọ́ lọ sí ọsibítù. Ìyẹn gan-an ló wù mí, torí iṣẹ́ àti ọmọ mẹ́ta. Mo ti sọ fún gbogbo ayé. Mo ti pe ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n ti pè mí síwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbàdúrà lé mi lórí, ìjọ sì pàtẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ìwé náà le. Ẹ̀kọ́ nípa oògùn ò yé mi rárá. Mo máa ń wo kọ̀ǹpútà náà títí ojú mi á fi máa ṣomi.

Mọ́rẹ̀nikẹ́ ní tirẹ̀ ti rí àyè gbà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tó wà nítòsí wa. Ó pẹ́ kó tó rí i. Àmọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin ò tíì pé ọdún kan, kò sì mọ ẹni tí yóò máa bá òun tọ́jú rẹ̀ tí òun bá ń lọ sí kíláàsì. Nígbà tó gbọ́ nípa ilé ìwé tèmi, ọkàn rẹ̀ fà sí i.

Ó sọ fún mi pé, "Àǹtí, ohun kan ló ń bà mí lẹ́rù. Tí mo bá parí ní ilé ìwé ìpínlẹ̀ mìíràn, ṣé Maryland á fún mi ní láìsẹ́ǹsì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ọ́fíìsì wọn. Tí èmi bá pè wọ́n, wọ́n á kàn máa ní kí n tún un sọ ni."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Èmi tí mo ti ń kàwé láti oṣù mẹ́rin, mi ò bèèrè ìbéèrè yẹn rí. Mo rò pé nọ́ọ̀sì ni nọ́ọ̀sì, pé ibi tí èèyàn bá ti kà á, Amẹ́ríkà náà ni.

Ọjọ́ Tuesday ni. Mo jáde lákòókò ìsinmi, mo jókòó sínú ọkọ̀ mi níwájú ilé iṣẹ́, mo pe ọ́fíìsì tó ń fún àwọn nọ́ọ̀sì láṣẹ. Obìnrin kan ló gbé e. Ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ní kí n ka ohun tí ilé ìwé náà kọ sínú ìwé wọn fún òun, mo sì kà á. Ó wá ṣàlàyé. Ó ní ilé ìwé náà lè dára níbi tó wà, pé ìpínlẹ̀ yẹn lè gba àwọn tó bá jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Ó ní ohun tí àwọn ń wò ni iṣẹ́ àfọwọ́ṣe lọ́dọ̀ aláìsàn, tí olùkọ́ á dúró tini. Ó ní kò sí i nínú ohun tí mo kà fún òun, àti pé bó ṣe wà yẹn, àwọn ò ní fi fúnni ní láìsẹ́ǹsì. Ó tún bi mí bóyá mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní rárá, pé ẹnì kan ló ní kí n bá òun bèèrè.

Ó ní, "Ẹ sọ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀."

Mo jókòó sínú ọkọ̀ yẹn. Mo ń ro ìyá mi. Mo ń ro ìjọ tó pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo wọlé padà, Mọ́rẹ̀nikẹ́ wà nínú yàrá tí a ti ń jẹun, ó ti gbé oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, kò tíì jẹ ẹ́.

"Àǹtí, kí ni wọ́n sọ?"

Mo ní, "Wọ́n ní kò sí wàhálà."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́. Mo ti bi ara mi léèrè lọ́pọ̀ ìgbà pé kí ló dé. Ojú tì mí láti sọ pé èmi àgbà ti kó sínú nǹkan tí mi ò wádìí. Ìyẹn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n má tún parọ́ fún yín, nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ tó burú ju ìyẹn lọ. Mi ò fẹ́ dá nìkan wà nínú rẹ̀. Mo sì mọ̀ pé tí olùkọ́ kẹ́mísírì bá jókòó tì mí, màá lè yege. Mo rò pé kó tó di pé a parí, wọn á ti tún òfin ṣe, tàbí Ọlọ́run á ṣe é.

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó dì mọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì, ó kọ̀wé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà pé òun ò wá mọ́.

Ọdún kan la fi jọ kàwé ní orí tábìlì oúnjẹ mi. Ó máa ń gbé ọmọ rẹ̀ wá, a ó tẹ́ aṣọ fún un nílẹ̀. Òun ló kọ́ mi ní ìṣirò oògùn. Òun ló jẹ́ kó yé mi. Ní gbogbo ìgbà tó bá sọ pé "Tí a bá gba láìsẹ́ǹsì wa," màá dìde bí ẹni tó fẹ́ wo nǹkan lórí iná.

Nígbà tó yá, àyà mi ò gbà á mọ́. Mo lọ forúkọ sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba. Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ: kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà tí Mọ́rẹ̀nikẹ́ kọ̀ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ mi. Mo sọ fún un pé ọkọ mi ló fẹ́ kí n máa rí olùkọ́ lójúkojú. Kò fura. Ó ní, "Kò burú, àǹtí. Ẹ ṣì máa gbé kẹ́mísírì yín wá." Ó sì ràn mí lọ́wọ́ títí mo fi parí.

Mo ṣe ìdánwò, mo yege, mo gba láìsẹ́ǹsì Maryland. Òun ló dáná jọ́lọ́ọ̀fù tí a fi ṣàjọyọ̀ nílé mi.

Ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, òun náà parí. Ó kọ̀wé sí ọ́fíìsì Maryland. Lẹ́tà tí wọ́n fi sọ pé àwọn ò ní fún un ní láìsẹ́ǹsì, ilé mi ló gbé e wá. Ó jókòó sílẹ̀ ní kíṣìnì mi, ó fẹ̀yìn ti fíríìjì, ó sunkún bí ọmọdé. Ó ń tún un kà, ó ń tún un kà.

Ó gbójú sókè, ó ní, "Wọ́n ti yí òfin wọn padà lẹ́yìn tí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, àbí?"

Òun fúnra rẹ̀ ló bá mi wá àwáwí. Ọlọ́run ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi lọ́jọ́ náà pé kí n sọ òótọ́, èmi ni mo tì í. Mo ní, "Ó ní láti jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ó lọ sí ìpínlẹ̀ tí ilé ìwé náà wà, torí pé ibẹ̀ ń gba àwọn tó bá jáde níbẹ̀. Ó ṣe ìdánwò níbẹ̀, ó sì yege nígbà àkọ́kọ́ tó ṣe é. Ibẹ̀ ló ti ń ṣe nọ́ọ̀sì báyìí. Ọkọ rẹ̀ ò lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, nítorí náà ọkọ àti ọmọ wà níbí. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé, ìrìn ọjọ́ kan gbáko ni nínú bọ́ọ̀sì. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́fà. Èmi ni mò ń di irun rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tó jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi, ó fi èdè òyìnbó bi mí pé kí ló dé tí màmá òun ò lè ṣe nọ́ọ̀sì níbí bíi tèmi. Mo ní kó gbé orí rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyí. Mọ́rẹ̀nikẹ́ ti gba lọ́yà. Ó fẹ́ kí Maryland tún ọ̀rọ̀ òun gbé yẹ̀ wò. Lọ́yà náà bi í bóyá ẹnikẹ́ni wà tó bá ọ́fíìsì sọ̀rọ̀ nígbà náà, tí wọ́n sọ fún pé ilé ìwé náà dára. Ó ní kí ẹni náà kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì búra sí i.

Ó pè mí, ayọ̀ ń bẹ lóhùn rẹ̀. "Àǹtí, ẹ̀yin nìkan lẹ lè gbà mí. Ẹ kàn kọ ohun tí wọ́n sọ fún yín ni."

Mo ní ó ti dáa. Láti ìgbà náà, tí fóònù bá ti dún, màá dojú rẹ̀ bolẹ̀.

Tí mo bá búra, irọ́ ni mo búra sí. Wọ́n lè gba láìsẹ́ǹsì ọwọ́ mi, irọ́ náà á sì tún ba ẹjọ́ tirẹ̀ jẹ́. Tí mo bá kọ̀, á bi mí pé kí ló dé. Mo ti lọ dé ẹnu ọ̀nà ìyàwó pásítọ̀ wa, mo padà. Mo ti jókòó síwájú ọkọ mi, mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ owó iná ló jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ka nọ́ọ̀sì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mi ò ní kí ẹ má kà á. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń gbà. Ṣùgbọ́n ẹ fi ẹnu ara yín bèèrè lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì kọ èsì sínú ìwé fún yín. Ẹ má rán àǹtí kankan.

Ó ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ Sátidé. Mo fẹ́ sọ fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé ẹnu mi á tún yà sí ibòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ́wọ́ irú nǹkan báyìí rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀? Kí lẹ kọ́kọ́ sọ?

Tó bá sì jẹ́ pé ìwọ lò ń kà á, àbúrò mi, o ti mọ ara rẹ. Má dúró de Sátidé. Pè mí, kí o bú mi bó bá ṣe tẹ́ ọ lọ́rùn. Wọn ò yí òfin kankan padà. Èmi ni mo purọ́ fún ọ.