Òfin Tó Sọ Ẹ̀gbọ́n Mi Di Ìyàwó Ìfọ́n

Ògo ni fún Ọlọ́run tí ó mọ ìdí ọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wádìí rẹ̀! Ẹ bá mi gbé ohùn sókè, ẹ̀yin ará: ògo! Mo tún wí, ògo!

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi nínú Olúwa, mo kúnlẹ̀ kí yín. Èmi ni Ìfẹ́olúwa, ọmọbìnrin ìkẹyìn Tíṣà tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò níhìn-ín ní Ìlobù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè kí n ka ẹ̀rí mi láti inú ìwé. Àròkọ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ wa ní ilé-ìwé, mo sì ti rí i pé ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn jù a máa fi ìparí ọ̀rọ̀ ṣe ìbẹ̀rẹ̀.

Gbogbo yín ni ẹ mọ ẹ̀gbọ́n mi, Mosúnmọ́lá, tí ó máa ń kọrin ní ẹgbẹ́ akọrin. Ilé-iṣẹ́ kan ní Òṣogbo ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń ṣe àwọn irin kéékèèké tí a fi ń de àga mọ́ ilẹ̀ inú ọkọ̀ òfuurufú. Irin náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ènìyàn ni yóò jókòó lórí àga náà lókè sánmà. Nítorí náà, kò sí àyè fún "bóyá" nínú iṣẹ́ wọn. Kí àwọn oníbàárà tó wá yẹ iṣẹ́ náà wò, àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ni yóò kọ́kọ́ yẹ ara wọn wò, tí ẹni tó wà ní ẹ̀ka kan yóò lọ yẹ ẹ̀ka mìíràn wò. Àyẹ̀wò abẹ́lé ni wọ́n ń pè é. Àwọn àgbà kúkú ti wí pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Nígbà tí wọ́n yan ẹ̀gbọ́n mi pé kí ó wà lára àwọn tí yóò ṣe àyẹ̀wò náà, ìdùnnú ṣubú layọ̀ nínú ilé wa. Àmọ́ bí ó ti ń múra sílẹ̀, ilé náà kò rójú mọ́! Ó ń fi wá dánra wò. Ó ní ẹni tí ń yẹ iṣẹ́ wò kì í béèrè pé, "Kí ló dé tí ẹ kò ṣe é?" Ohun tí ó máa ń wí ni pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi hàn mí." Ó ní iṣẹ́ ni wọ́n ń yẹ̀ wò, kì í ṣe ènìyàn, àti pé níbi tí kò bá ti sí ẹ̀rí, wọn kò gbọdọ̀ kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ẹ̀rí! Ọ̀rọ̀ kan náà tí à ń lò nínú ilé Ọlọ́run yìí! Ó ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀rí kì í ṣe ohun tí a gbọ́ pé ó ṣẹlẹ̀. Ohun tí a lè na ìka sí ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ó lọ bá ìyá wa nínú ilé ìdáná, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹ̀rí hàn mí pé iyọ̀ ọbẹ̀ yìí tó."

Màmá na ṣíbí sí i. "Ẹ̀rí nìyẹn. Lá a."

Bí ó ti ń lá a, Màmá ní, "Ṣé báyìí ni wàá ṣe máa béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ àwọn òbí ọkọ rẹ?"

Èmi bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ṣíbí náà kalẹ̀, ó sì jáde.

Mo tẹ̀lé e dé ẹ̀yìnkùlé. Ibẹ̀ ni ó ti sọ ohun tí ń jẹ ẹ́ lọ́kàn fún mi. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Wálé fẹ́ fi í ṣe aya, òun náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìfọ́n ni Wálé. Ẹ̀yin ará, n kò ní í tú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín àwa àti Ìfọ́n sílẹ̀ níwájú pẹpẹ yìí. Kò sí ilé tí kò mọ̀ ọ́n. Bàbá Wálé ti kìlọ̀ fún ọmọ wọn tipẹ́ pé kò gbọdọ̀ mú ìyàwó wálé láti Ìlobù. Ìdí nìyí tí àwọn méjèèjì fi ń ṣe sùúrù, tí òbí kankan kò sì tíì gbọ́ sí i.

Ilé-iṣẹ́ kan náà sì ni Bàbá Wálé àti ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá náà ni olórí ẹ̀ka tí ń tọ́jú àwọn ohun èlò ìwọ̀n. Ẹ̀ka yìí gan-an ni wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi lọ yẹ̀ wò!

Màdámù tí ń mójútó àyẹ̀wò náà kò ní èrò burúkú. Òfin wọn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ yẹ iṣẹ́ ìbátan rẹ̀ wò, kí ojúsàájú má baà wọ̀ ọ́. Màdámù wá rò ó pé bí ọmọ Ìlobù bá yẹ ọmọ Ìfọ́n wò, kò sí ẹni tí yóò bo àṣìṣe ẹnì kejì mọ́lẹ̀. Aáwọ̀ ìlú méjèèjì ni wọ́n gbójú lé. Wọn kò mọ̀ pé ìfẹ́ ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ẹ wo ìdààmú tó bá ẹ̀gbọ́n mi. Bí ó bá dákẹ́, tí ó sì kọ ohun tó dára nípa bàbá náà, ó ti fi iṣẹ́ wá ọkọ. Bí ó bá kọ àṣìṣe wọn, wọn yóò ní ìwà ará Ìlobù nìyẹn. Bí ó bá sì sọ òtítọ́, gbangba ni àṣírí yóò tú, kí ẹnikẹ́ni tó lọ tọrọ rẹ̀, kí bàbá náà tó fọwọ́ sí i. Ó lè pàdánù Wálé. A di ara wa lọ́wọ́ mú lábẹ́ igi máńgòrò wa, a sì gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fi ohun tí yóò sọ sí i lẹ́nu.

Ọjọ́ ìpàdé tí wọ́n fi ń ṣí àyẹ̀wò náà pé. N kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ló sọ ọ́ fún mi, Bàbá Wálé náà sì sọ ọ́ fún mi lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu. Ibi kan ṣoṣo ni kò ti bára mu: ẹ̀gbọ́n mi ní bàbá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n bàbá náà ní àwọn kò rẹ́rìn-ín rárá.

Màdámù béèrè bóyá ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀ tí ó bá ẹni tí yóò yẹ̀ wò tan. Òṣìṣẹ́ kan dáhùn pé, "Ìlobù àti Ìfọ́n kẹ̀, Màdámù? Àfi bí ológbò bá bá eku tan." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi bá kúnlẹ̀ láàárín ẹ̀rín náà.

"Mà, mo bá wọn tan. A kò tíì débẹ̀, ṣùgbọ́n a ti wà lọ́nà. Wálé ọmọ wọn ni ó fẹ́ fẹ́ mi."

Bàbá Wálé bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún.

"Wálé tèmi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Òun náà sì mọ̀?"

"Ó mọ̀, sà."

Wọ́n dá awò náà padà sójú. Màdámù gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń di ẹrù, wọ́n sì fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Òṣogbo rọ́pò rẹ̀.

Ẹkún ni ẹ̀gbọ́n mi fi wọlé lọ́jọ́ náà, ó sì jẹ́wọ́ ohun gbogbo fún àwọn òbí wa. Màmá ní, "Ìfọ́n kẹ̀, Mosún?" Wọ́n sì jókòó. Bàbá mi wá ní, "Ó ti sọ òtítọ́ ná. Ibẹ̀ ni kí a ti máa bá a lọ."

Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó mú irin kan nínú páálí tí wọ́n ti dì, ó sì ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà, láti ọwọ́ ẹni tó dì í títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gba irin náà wọlé, ó ń sọ fún oníkálukú pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi hàn mí." Ní ẹ̀ka Bàbá Wálé, ọ̀dọ́mọkùnrin náà rí ohun èlò ìwọ̀n kan tí àkókò àtúnyẹ̀wò rẹ̀ ti kọjá, tí ó sì wà lórí tábìlì síbẹ̀. Bàbá náà kò jiyàn. Wọ́n gbé e kúrò nílẹ̀, wọ́n sì fi òmíràn tún ìwọ̀n gbogbo irin tí wọ́n ti fi í wọ̀n yẹ̀ wò. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, gbogbo rẹ̀ ló pé.

Nígbà tí wọ́n ń pa àyẹ̀wò náà dé, tí Màdámù ti ka ohun tí wọ́n rí tán, Bàbá Wálé nawọ́ sókè.

Wọ́n ní, "Ohun kan kù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ yìí kò gbọdọ̀ yẹ ẹ̀ka mi wò láéláé."

Ẹ̀gbọ́n mi rò pé wọ́n ti kọ òun nìyẹn.

Màdámù béèrè pé, "Kí ló dé, Bàbá?"

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ka òfin fún wa ni? Ìyàwó ilé mi ni."

Ẹ bá mi yin Olúwa! Òfin tí a rò pé yóò tú wọn ká, òun gan-an ni Ọlọ́run fi so wọ́n pọ̀!

Nígbà tó yá, mo bi Bàbá Wálé léèrè ohun tó yí ọkàn wọn padà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ká ní ó fẹ́ fi ẹ̀tàn wọlé mi ni, ìbá dákẹ́, ìbá sì kọ ire nípa mi. Ẹni tó lè sọ òtítọ́ níbi tí ìdákẹ́jẹ́ ì bá ti ṣe é lóore, ìlú tó ti wá kò já mọ́ nǹkan kan lójú mi mọ́."

Àwọn oníbàárà wá, wọ́n yẹ àyẹ̀wò náà wò, wọ́n sì gbà á. Àwọn ará Ìfọ́n náà wá tọrọ ẹ̀gbọ́n mi nílé wa, Màmá sì fún wọn ní ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ tó.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin ìjọ tí ẹ ń gbàdúrà fún ilé wa láìmọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí òtítọ́ kan há sí lọ́fun láàárọ̀ yìí, tí ẹ ń bẹ̀rù pé bí ẹ bá sọ ọ́, ohun tí ẹ fẹ́ràn jù lọ yóò bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ sọ ọ́. Ọlọ́run wà nínú yàrá náà ṣáájú yín.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ ẹ̀rí, mo ti sọ pé ohun tí a lè na ìka sí ni. N kò gbọdọ̀ na ìka sí àgbà, nítorí náà, mo fi ọwọ́ méjèèjì hàn yín: ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ìyá mi. Bàbá Wálé nìyẹn, wọ́n ti Ìfọ́n wá láàárọ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ dìde kí wọ́n rí yín.